Ọ̀rá Kì Í Dákẹ́

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí ẹ bá ń ránṣọ lọ́wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ṣé ẹ ti jókòó? Mo ti lọ́kọ!

Màmá, mo ti lọ́kọ láti oṣù Kẹta! N kò sọ fún yín, n kò sọ fún Bọ̀dá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ lè ti ẹnu rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ náà sì ń hó nínú mi bí omi gbígbóná. Ọ́fíìsì ìjọba ni a ti fọwọ́ sí ìwé, èmi àti òun àti ẹlẹ́rìí méjì. Òjò ń rọ̀, bàtà mi gba omi, mo sì ń rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé fi béèrè bóyá nǹkan ń ṣe mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ ló ń ṣe mí.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ibùsùn ni mò ń lọ̀ nínú ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ooru ẹ̀rọ ìlọṣọ wa pọ̀, ó máa ń gòkè lọ bá aago iná tó wà ní àjà, aago náà á rò pé èéfín ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Gbogbo wa á sá jáde sójú títì tàwa ti épírọ́ọ̀nù, a ó máa wòye iná tí kò sí. Ọkọ mi ni ẹni tí wọ́n máa ń pè wá tún aago bẹ́ẹ̀ ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, mo pariwo mọ́ ọn, mo ní aago rẹ̀ fẹ́ sọ wá di wèrè. Nígbà kejì, ó béèrè orúkọ mi. Nígbà kẹta, aago kò dún rárá, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Kí lo wá ṣe?" Ó ní, "Mo ní kí n wá wò ó bóyá ó fẹ́ dún."

Màmá, ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní fẹ́ ẹ?

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi bo irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí inú wa kọ́kọ́ dùn. A ń bọ̀ nílé ní ìparí ọdún. Inú ọgbà yín ni mo ti fẹ́ kí gbogbo ẹbí wá rí ọkọ mi, kí a jẹ, kí a mu, kí a jó. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin ni kí ẹ rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí télọ̀ mìíràn lójú mi. Mo fi teépù wọ̀n ọ́n fúnra mi: èjìká mọ́kàndínlógún, àyà méjìlélógójì, ikùn méjìdínláàádọ́ta. Fọ́tò wa wà nínú lẹ́tà yìí. Òun ló jókòó sẹ́yìn òdòdó yẹn.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá. Ẹ sọ fún un pé ó ti di ẹ̀gbọ́n ìyàwó.

Èmi, ọmọ yín, ìyàwó ilé.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Ì bá sàn kí n ti dùbúlẹ̀.

Láti oṣù Kẹta! Mo kọ̀wé sí ọ ní oṣù Kẹrin pé báwo ni nǹkan, o ní dáadáa ni. Mo tún kọ̀wé ní oṣù Karùn-ún pé ṣé kò sí ẹni tó ń wò ọ́ níbẹ̀, o ní iṣẹ́ ni o gbájú mọ́. Èmi náà wá ń fẹnu mi ròyìn fún àwọn oníbàárà pé ọmọ mi kò rójú ti ọkùnrin. Wọ́n ń mi orí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn gan-an ti mọ̀ ṣáájú mi.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú jù. Ìwọ ọmọ yìí, ta lo rò pé o ń kọ̀wé sí? Láti ìgbà tí o kò tíì dáyé ni mo ti ń ránṣọ. Ẹni tí ikùn rẹ̀ fi íǹṣì mẹ́fà ju àyà rẹ̀ lọ, kí ni mo tún fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ ṣe? Mo mọ bó ṣe ń jókòó. Mo mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di nǹkan mú kó tó lè dìde. Mo mọ igbe tí àga ń ké lábẹ́ rẹ̀. O fi òdòdó bo fọ́tò, o gbàgbé láti fi òdòdó bo teépù. Àgbá ni o lọ fẹ́. O kó àgbá wọlé, o wá ní kí n rán ẹ̀wù fún un.

Ìdí tí o fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. O rántí ohun tí mo wí lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, pé ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ bá ń ṣáájú rẹ̀ wọlé kò ní fẹ́ ọmọ mi. Bàbá rẹ kò sanra nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ lọ́dọọdún, tí mò ń fi aṣọ kún un, títí kò fi sí aṣọ tí mo lè fi kún un mọ́. Lẹ́yìn náà ni òǹgbẹ dé, ìtọ̀ dé, egbò ẹsẹ̀ tí kò jiná dé. Ọ̀fun ló pa á. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó wà láyé, mo sì tún ń sọ ọ́ lónìí. Ó jẹ ara rẹ̀ kú, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìwọ rí ejò fúnra rẹ̀, o ní kó wá bá ọ sùn.

Kò sí àríyá kankan nínú ọgbà mi. Ẹ lọ jó lójú títì yín, níbi tí aago ti ń dún.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje

Màmá,

Ẹ kú ilé. Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró, mo sì bínú títí mo fi jó aṣọ ibùsùn kan níbi iṣẹ́. Àpá ẹ̀rọ ìlọṣọ ṣì wà lórí rẹ̀ títí dòní.

Ọkọ mi kì í ṣe àgbá. Ó sanra, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ojú. Ènìyàn ni, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó ń fọ abọ́, ó máa ń dìde lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì fún àgbàlagbà. Ẹ kò béèrè ọ̀kan nínú ìyẹn. Íǹṣì lẹ kà.

Nígbà tí ẹ sì ti mẹ́nu ba òǹgbẹ àti ìtọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, kí ẹ má baà tún ní mo bo nǹkan mọ́lẹ̀. A ti lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà ti ń gòkè nínú rẹ̀. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sunkún nínú ọ́fíìsì dókítà. Ohun kan náà tí ẹ sọ ni mo sọ, mo ní, "Ọ̀fun rẹ̀ ni, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un." Dókítà náà wò mí. Obìnrin ni, ó máa ń yàwòrán sórí bébà bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ta ló sọ fún ọ pé ọ̀fun nìkan ni?"

Màmá, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rá ikùn dà bí ẹrù inú àká, pé ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ó ní irọ́ ni, ọ̀rá kì í dákẹ́. Bó bá ti kún ju ààyè rẹ̀ lọ, ara á ni ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó máa ń sáré wá bí abẹ́rẹ́ bá gún yín níka, tí ojú ibẹ̀ á fi wú, tí á pọ́n, tí á gbóná. Wọ́n á ya wọ inú ọ̀rá, wọn kò ní rí egbò tí wọ́n lè wò sàn, síbẹ̀ wọn kò ní padà sílé. Àwọn àti ọ̀rá á jọ máa rán oníṣẹ́ kéékèèké sínú ẹ̀jẹ̀ pé ogun dé, ogun dé. Ó kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sórí bébà, ọ̀kan ń jẹ́ TNF, òmíràn ń jẹ́ IL-6, bí nọ́ńbà mọ́tò. Ariwo wọn kò tó èyí tí ènìyàn ń gbọ́. Kò sí ibà, kò sí ìrora. Ṣùgbọ́n ọdún á yí po, kò ní dákẹ́.

Ínsúlíìnì wá ni ẹni tó ń bá ṣúgà kanlẹ̀kùn kiri inú ara, pé oúnjẹ dé, ẹ ṣílẹ̀kùn. Nítorí ariwo àwọn oníṣẹ́ yẹn, àwọn ará ilé kò ní gbọ́ kíkàn rẹ̀ dáadáa. Ṣúgà á pọ̀ sójú títì, ebi á sì máa pa àwọn tó wà nínú ilé.

Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni ọkọ mi fò dìde, kò di nǹkankan mú o, ó ní, "Aago tó ń dún láìsí iná! Iṣẹ́ mi nìyẹn!" Dókítà rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun máa yá ọ̀rọ̀ náà lò fún àwọn aláìsàn yòókù. Kò sọ pé kó máa jẹun bó ṣe wù ú. Ó ní oúnjẹ wà níbẹ̀, ìdílé wà níbẹ̀, àìsùn wà níbẹ̀, àwọn dókítà pàápàá kò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹni tó tín-ínrín gan-an lè ní in. Ó ní kó máa rìn, kó máa sùn, kí ikùn náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ariwo náà á máa rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní èébú kì í pa aago lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, Bàbá ni mò ń rí. Mo rí wọn lórí àga wọn nílé, tí wọ́n ń ní ebi ń pa àwọn, tí gbogbo wa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá, ebi gidi ni. Oúnjẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò rí ilé wọ̀. Ẹ dẹ́kun sísọ pé ọ̀fun ló pa Bàbá mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ

Sí dókítà ilé ìfọṣọ,

Mo dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́. Mo ti gbọ́ pé ọ̀rá ń sọ̀rọ̀. Ó kù kí èdọ̀ kọ orin.

Ìwọ ọmọdé ìgbà náà, kí lo mọ̀? Ilé ẹ̀kọ́ lo máa ń wà. Èmi ni mo wà nílé. Èmi ni mo ra àgádágodo, tí mo fi ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, tí mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Èmi ni mò ń gé búrẹ́dì fún ọkọ mi bí ẹni ń gé e fún ọmọ ìkókó. Bàbá rẹ, káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò, tí ọmọṣẹ́ ń pè ní ọ̀gá, dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Jọ̀ọ́, ìyá wọn, díẹ̀ ni." Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Lọ jókòó, alájẹkì." Mo sọ ọ́ sókè, kí ojú lè tì í, kó lè yé. Mo rò pé ìtìjú ni oògùn rẹ̀.

Ó lọ jókòó. Kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú.

Nísinsìnyí o jókòó sí òkè òkun, o kọ̀wé sí mi pé ebi gidi ni. Ó dáa. Bó bá jẹ́ ebi gidi ni, kí wá ni èmi? Kọ ọ́. O mọ̀wé, o jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kọ orúkọ tí à ń pe obìnrin tó ti oúnjẹ mọ́ ẹni tí ebi gidi ń pa.

Má kọ lẹ́tà mìíràn sí mi bí kò bá jẹ́ pé orúkọ yẹn lo fẹ́ kọ sínú rẹ̀.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹjọ

Màmá mi,

N kò ní orúkọ kankan láti kọ. Ẹ tún ka lẹ́tà mi, ẹ wò ó bóyá mo dárúkọ yín níbẹ̀. Dókítà ló sọ̀rọ̀, èmi sọ ọ́ fún yín nítorí mo rò pé yóò tù yín nínú. Inú ń bí èmi náà. Ẹ fi ìkanra lé mi jáde kúrò nínú ayọ̀ mi, ẹ tún ní kí n má kọ̀wé.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí lẹ́tà yín ṣe nílé wa? Mo kà á tán, mo wọ ilé ìdáná, mo bá ọkọ mi nídìí tábìlì. Àfi bí mo ṣe na ọwọ́, mo gbé búrẹ́dì kúrò níwájú rẹ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo gbé e ni, àbí ìyá rẹ?" Mo dá a padà. Ó gé díẹ̀, ó bo ìyókù, ó wọ bàtà, ó ní kí n jẹ́ ká rìn dé orí afárá. A rìn. Ó ń mí helehele, ó ń sọ fún mi pé òun ń lọ pa aago. Màmá, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi tí àyà ń dùn mí.

Ẹ fèsì. Ẹ bú mi bó bá jẹ́ èébú ló kù, ṣùgbọ́n ẹ fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án

Màmá,

Lẹ́tà yín kò dé. Mo bi ẹni tó ń pín lẹ́tà léèrè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣé ara yín le? Bí ẹ kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá kọ ìlà kan péré.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹwàá

Àbúrò mi,

Ìlà kan lo ní kí n kọ? Kí lo kọ sí Màmá? Ìlà kan ti tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ìyókù kún un, nítorí orí mi ń gbóná.

Ìwọ lọ́kọ, o kò sọ fún mi, èmi tí mò ń gbé ọ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹjọ ni obìnrin yìí kò ti tẹ ẹ̀rọ. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wà nílẹ̀ láìní apá. Àwọn ìyá wọn ń wá síbí wá pariwo, èmi ni mò ń bẹ̀ wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ bàtà, ó ní kí n gbé òun lọ sílé ìwòsàn àdúgbò. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. A dé ibẹ̀, kò tò sórí ìlà, ó lọ tààrà bá nọ́ọ̀sì àgbà, ìyẹn tó ní irun funfun, tó wà níbẹ̀ láti ìgbà Bàbá. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀rá ń sọ̀rọ̀?" Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà. Màmá ní, "Orí mi pé. Gbọ́." Ó fa lẹ́tà rẹ yọ, ó kà á sókè láti ibi ọmọ ogun dé ibi kíkàn ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìjókòó yíjú sí i.

Nọ́ọ̀sì ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Bó ṣe rí nìyẹn."

Màmá ní, "Ta ló sọ fún mi pé kí n ti oúnjẹ mọ́ ọkọ mi?"

Obìnrin yẹn yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Àwa ni. Dókítà ìgbà yẹn ló ní kí a sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mọ èyí nígbà náà?"

"A kò mọ̀ ọ́n tó báyìí. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ebi máa ń pa wọ́n nítòótọ́. A kò rójú ṣàlàyé. Èrò pọ̀."

Àbúrò, n kò gbọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Màmá bú u, ó bú dókítà tí kò sí níbẹ̀, ó bú àga, ó bú ẹni tó kun ògiri. Ó ní, "Ẹ fún mi ní àgádágodo, ẹ kò fún mi ní ọ̀rọ̀!" Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Nígbà tí a délé, ó mú òòlù nínú àpótí iṣẹ́ Bàbá, ó fọ́ àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tòun ti ìdè rẹ̀. Kò sì sí nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ láti ọdún wọ̀nyí, àfi òwú.

Ìwọ lo dá a sílẹ̀, ìwọ ni kí o bá mi tún un ṣe. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Bọ̀dá ti kọ̀wé. Ẹ má bá a wí, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹ ní kí n kọ orúkọ tí à ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i. Aya ni. Aya tí wọ́n sọ fún pé bó bá fẹ́ kí ọkọ òun yè, kó ti oúnjẹ mọ́ ọn, tó sì ṣe é tọkàntọkàn, tó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́ra sùn bí ẹni gbé ọmọ mọ́ra sùn. Ìwà ìkà kọ́ ni ẹ hù. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ fún yín ni wọn kò sọ. Ẹ bínú sí wọn. Ẹ bínú sí mi, mo gbà á, mo bo ìgbéyàwó mọ́lẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ Bàbá gún yín lójú. Ẹ má ṣáà bínú sí ara yín. Ẹ ti dá ara yín lẹ́bi tó.

Mo ní láti sọ òótọ́ kan: inú mi ń dùn. Mo gbìyànjú kí inú mi bàjẹ́ nítorí yín, kò gbà. Mo ń jí láàárọ̀, mo ń gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń súfèé nílé ìwẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà ti wálẹ̀ díẹ̀. Ikùn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní aago lè kọ́kọ́ rọlẹ̀ kí ikùn tó tẹ̀ lé e.

A ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Bí ẹ kò bá jẹ́ ká wọ inú ọgbà, a ó dúró lẹ́nu géètì. Ọkọ mi ní òun mọ bí a ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ènìyàn fi máa ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí èmi náà fẹ́ nìyẹn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kọkànlá

Ọmọ mi,

Inú ń bí mi. Má rò pé orúkọ dáadáa tí o kọ sí mi ti pa á rẹ́.

Mo ń bínú sí dókítà yẹn tó fi ojú bébà bá mi sọ̀rọ̀, tí kò gbórí sókè. Mo ń bínú sí nọ́ọ̀sì, ẹni tó wá kí mi nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Mo ń bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ń fi ẹsẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rìn nínú ilé bí ẹni pé mo fẹ́ kú. Mo ń bínú sí ìwọ, n kò ní sọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sì ń bínú sí bàbá rẹ, pé ó kú kí n tó mọ̀. Ó yẹ kó ti dúró. Ọ̀rọ̀ wà tó yẹ kí n sọ fún un. Mo ti sọ ọ́. Ibi tí mo ti sọ ọ́ kò kàn ọ́.

Mo ti ń ránṣọ padà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ní apá.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọkọ rẹ. Bó bá wá síbí, kò sí ẹni tó máa ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kó má rò pé àlàyé dókítà ti gba ẹnu mi. Bó bá jẹ àjẹjù, n óò sọ fún un, n óò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láàárín èmi àti òun. Ọ̀nà láti títì dé ilé wa jìn, ẹsẹ̀ ni kó fi rìn ín, ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa gbé ẹrù. Kó sì máa sùn lásìkò. Ìwọ ni o máa ń fi ọ̀rọ̀ dí ènìyàn lójú oorun láti kékeré, mo mọ̀ ọ́.

Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò bàbá rẹ àti àwọn ìyàwó wọn. Mo sọ fún wọn ṣáájú pé ọmọ wa lọ́kọ, pé ọkọ rẹ̀ sanra, pé ẹni tó bá ní ẹ̀fẹ̀ kó ṣe é tán nílé ara rẹ̀. Ìyàwó kékeré ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú oníkùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fún un títí oúnjẹ fi jóná lórí iná rẹ̀. Kó fi ìyẹn kọ́gbọ́n.

Gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ ti dé inú ọgbà mi ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá. Ìwọ àti ọkọ rẹ kò gbọdọ̀ bá wọn dé. Mo ní ìjà tí mo fẹ́ bá yín jà, mo sì fẹ́ jà á tán, kí n rẹ́rìn-ín kí àlejò tó wọlé. Ẹ̀yin, kí ẹ dé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá.